Orí Kẹfà: Ẹyẹ Ọ̀ọ́kán àti Àríyá Alẹ́

Àkàlàmàgbò kì í jẹ́ kéèyàn súnmọ́ òun. Ẹyẹ tó ga tó mítà kan ni, ẹsẹ̀ ló sì fi ń wá oúnjẹ kiri inú pápá àríwá Benin. Bó bá ti gbúròó bàtà lórí ewé gbígbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, kẹ́ ẹ sì tó gbé kámẹ́rà sójú, ọgọ́rùn-ún mítà ti wà láàárín yín. Ẹni tó ń gbé Tchatchou, lójú títì tó ti Kùtọnú lọ sí Parakou, tó fẹ́ máa ya irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, tó tún fẹ́ máa ya igún, àṣá, àti lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù àwọn Fúlàní, kò ní pẹ́ kó tó bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé kámẹ́rà bridge ni kí n rà, àbí DSLR? Owó tó wà lọ́wọ́ kò sì tó méjì.

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu àwọn ayafọ́tò ni pé DSLR ni ti ẹni tó mọṣẹ́, bridge ni ti ẹni tó ń ṣeré. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìdáhùn yẹn ló ń mú kí ọ̀dọ́ kan tu owó kàṣíù ọdún kan jọ, kó fi ra kámẹ́rà ńlá dúdú, kó gbé e kọ́rùn lọ sínú igbó, kó wá rí i pé ẹyẹ tó yà kò ju àmì dúdú kan lọ láàárín ewé. Ibi tí ohun tí a fẹ́ yà wà, àti bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú kámẹ́rà ṣe fẹ̀ tó, àwọn nǹkan méjì yìí ló yẹ kó pinnu fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú àwọn méjèèjì wò. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni bridge ní, kò sì ṣeé yọ. Lẹ́ńsì yẹn ń nà, ó ń sún kì, láti orí àwòrán gbogbo agbo ilé títí dé orí ojú ẹyẹ kan lórí igi. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Nikon Coolpix P900, tó jáde lọ́dún 2015. Súùmù rẹ̀ ń lọ ní ìlọ́po 83, láti 24 títí dé 2000 mìlímítà ní ìwọ̀n tí àwọn ayafọ́tò fi ń wé lẹ́ńsì mọ́ra wọn. P1000 dé lọ́dún 2018, òun dé 3000. DSLR ní tirẹ̀ ní dígí kékeré kan nínú, tó dúró ní ìdagun lẹ́yìn lẹ́ńsì. Dígí yìí ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sókè sí ibi tí ẹ ń yọjú wò, bẹ́ẹ̀ ojú ẹyẹ gan-an lẹ ń rí níbẹ̀, kì í ṣe àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n kékeré bíi ti bridge. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dígí náà á ká sókè, ìmọ́lẹ̀ á sì dé orí sẹ́ńsọ̀. Lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Nikon D7200 tọdún 2015, Nikon D500 tọdún 2016 àti Canon 7D Mark II tọdún 2014 wà lára àwọn tó lágbára jù nínú irú èyí tí owó rẹ̀ kò tíì kúrò lágbára aráyé.

Sẹ́ńsọ̀ ni pátákó pẹlẹbẹ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà. Ti P900 fẹ̀ tó mìlímítà 6.2 sí 4.6, kò tó èékánná ọmọ ìka tó kéré jù. Ti D7200 jẹ́ 23.5 sí 15.6. Ẹ ṣe ìṣirò ààyè inú méjèèjì, ti DSLR tóbi ju ti bridge lọ ní ìlọ́po 13. Sẹ́ńsọ̀ kékeré yìí gan-an ló jẹ́ kí bridge lè dé ọ̀nà jíjìn. Gígùn lẹ́ńsì P900 lóòótọ́ kò ju 357 mìlímítà lọ nígbà tó bá nà tán. 2000 tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ túmọ̀ sí pé, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kéré, ìwọ̀nba àárín àwòrán nìkan ló ń mú, bíi pé ẹ fi lẹ́ńsì 2000 ya fíìmù àtijọ́.

Ihò lẹ́ńsì wá ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jókòó tì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ẹyẹ wá ń rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ẹni tó gbé ọpọ́n fífẹ̀ sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ á gba omi ju ẹni tó gbé ife síbẹ̀ lọ, bí òjò tó ń rọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ihò tí lẹ́ńsì fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ni ọpọ́n yẹn. Ó rọrùn láti mọ bó ṣe fẹ̀ tó: ẹ mú gígùn lẹ́ńsì gan-an, ẹ fi nọ́ńbà f rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì, pín in. P900 nà dé 357, nọ́ńbà f rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 6.5, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 55. Lẹ́ńsì Nikon 200-500 tó ní f 5.6, tí wọ́n ṣe fún DSLR, ihò tirẹ̀ ní orí 500 jẹ́ 89. Ìmọ́lẹ̀ tí 89 ń gbà ju ti 55 lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Títí dé ibí, DSLR ló borí.

Àmọ́ ta ló ń ra lẹ́ńsì 200-500? Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà mọ́ DSLR ni 18-55 tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí. Bí agbára bá tún kún un, wọ́n á ra 70-300. Ní orí 300 pẹ̀lú f 5.6, ihò 70-300 fẹ̀ tó mìlímítà 54. Ẹ tún un kà: 54, bẹ́ẹ̀ ti bridge jẹ́ 55. Ẹni tó ra DSLR àti 70-300 kò gba ìmọ́lẹ̀ kankan láti ara ẹyẹ òkèèrè ju ẹni tó ra bridge lọ. Ti 18-55 kò tiẹ̀ dé 10.

Ẹ jẹ́ ká gbé àkàlàmàgbò wa wá, kó dúró ní ọgọ́rùn-ún mítà, ká wo bí àwòrán rẹ̀ á ṣe ga tó lórí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí DSLR pẹ̀lú lẹ́ńsì 55, ẹyẹ tó ga ní mítà kan á ga tó ìdajì mìlímítà péré, lórí sẹ́ńsọ̀ tó ga ní mìlímítà 15.6. Àmì dúdú láàárín ewé nìyẹn. Pẹ̀lú 300, á ga tó mìlímítà 3, kò tó ìdá márùn-ún àwòrán. Pẹ̀lú 500, á di mìlímítà 5, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta. Lórí P900, á ga tó mìlímítà 3.6 lórí sẹ́ńsọ̀ tí gíga rẹ̀ kò ju 4.6 lọ: ẹyẹ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwòrán láti ẹsẹ̀ dé orí, ẹ sì máa rí awọ ọrùn rẹ̀ tó wú. Ohun tó ń ya àwọn tó kọ́kọ́ gbé bridge lẹ́nu nìyẹn, ayọ̀ wọn kò sì jẹ́ àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n kíkún àwòrán yàtọ̀ sí mímọ́ àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú ihò kọjá kó má fọ́n ká. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lójú ọ̀run kì í dé orí sẹ́ńsọ̀ bí ẹnu abẹ́rẹ́, ó máa ń di àmì róbótó kan. Bí nọ́ńbà f bá ṣe ga tó ni àmì róbótó yẹn ṣe ń tóbi tó, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó lè dí i lọ́wọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá ìmọ́lẹ̀ ni. Ní f 6.5, àmì náà fẹ̀ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Píksẹ́lì P900 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú kékeré tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀, kò sì ju ìdá kan ó lé díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún yẹn lọ. Bí ọgbọ̀n píksẹ́lì ló ń pín àmì kan ṣoṣo láàárín ara wọn. Nítorí náà, bí a bá ka iye àmì tó dá dúró láti orí dé ẹsẹ̀ àkàlàmàgbò yẹn, P900 á fún wa ní bí 400. DSLR pẹ̀lú 300 á fún wa ní bí 400 pẹ̀lú. DSLR pẹ̀lú 500 á fún wa ní ohun tó lé ní 650. Ìṣirò yìí kò ṣe ojúsàájú fún orúkọ kankan. Ihò ló ń kà.

Owó wá ńkọ́? Nígbà tí P900 jáde, ẹgbẹ̀ta dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. D500 nìkan, láìsí lẹ́ńsì, jẹ́ 2,000 dọ́là, lẹ́ńsì 200-500 sì jẹ́ 1,400. Ẹ fi kún un pé kámẹ́rà yẹn àti lẹ́ńsì rẹ̀ wúwo tó kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀, nígbà tí P900 kò pé kílò kan. Ẹni tó bá máa gun ọ̀kadà zémidjan láti Tchatchou lọ sí etí odò Ouémé ní Bétérou, lórí ilẹ̀ pupa tó kún fún kòtò, mọ ohun tí kílò méjì àfikún ń ṣe sí ọrùn.

Fún ẹyẹ tó dúró, fún owó tó mọ níwọ̀n, bridge ni mo máa sọ pé kẹ́ ẹ rà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Ẹ mú igún bí àpẹẹrẹ. Èyí tó ń bà sórí igi nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran kò wọ́pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, gbé igún tí wọ́n ń pè ní hooded vulture sípò àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Májèlé àti pípa á fún oògùn wà lára ohun tó ń run ún. Ẹni tó bá fi bridge ya igún kan ní Tchatchou, tó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i, tó gbé e sórí ìkànnì eBird tàbí iNaturalist, ti fi ohun tí àwọn onímọ̀ lè lò sílẹ̀. Àmì 400 láti orí dé ẹsẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n nílò láti mọ irú ẹyẹ tó jẹ́.

Bí ẹyẹ bá wá gbéra ńkọ́? Níbẹ̀ ni bridge ti ń rẹ̀. P900 máa ń wá fókọ́ọ̀sì nípa títi gíláàsì rẹ̀ síwá-sẹ́yìn títí àwòrán á fi mọ́. Bó ṣe ń wá a, àṣá ti kọjá. Ohun tí ẹ ń rí nínú ihò ìwòran rẹ̀ náà jẹ́ àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta. Bó bá sì ya fọ́tò méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á dúró láti kó wọn pamọ́. DSLR ní ọgbọ́n mìíràn: apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀yìn dígí lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn fókọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yẹn sì mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn ló yẹ kí gíláàsì lọ, àti bó ṣe yẹ kó jìn tó. D500 ní ojú 153 tó fi ń wọn fókọ́ọ̀sì, ó sì ń ya fọ́tò mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó fẹ́ ya lékeléke tó ń fò padà sí ìtẹ́ nírọ̀lẹ́, tàbí ẹṣin tó ń sáré níbi ọdún Gaani ní Nikki, níbi tí àwọn Bàrìbá ti ń gun ẹṣin wá kí ọba wọn, kó má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. DSLR pẹ̀lú 70-300 tó fún un, nítorí pé ẹṣin Gaani kò jìnnà síni, àwọn mìíràn nínú wọn á tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀.

Kámẹ́rà kan wà láàárín méjèèjì: Sony RX10 IV tọdún 2017. Bridge ni, ihò rẹ̀ náà jẹ́ 55, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju ti P900 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì mọ ọgbọ́n wíwọn fókọ́ọ̀sì kíákíá. Ẹ̀rọ tó dára gan-an ni. 1,700 dọ́là ni wọ́n tà á nígbà tó jáde, mi ò sì lè sọ fún ẹni tó ń fi owó kàṣíù ra kámẹ́rà pé kó lọ rà á.

Afẹ́fẹ́ ìlú wa náà ní ohun tó ń ṣe sí lẹ́ńsì gígùn. Láti bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á ti gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè, èyí tó tutù á máa sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn kọjá á sì máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin náà ti rí i lójú títì Parakou, níbi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè ti ń dà bíi pé ó ń léfòó lórí omi. Súùmù 2000 ń sọ afẹ́fẹ́ yẹn di ńlá bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dá kámẹ́rà lẹ́bi fún èyí. Kámẹ́rà kò jẹ̀bi. Ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, tàbí ẹ dúró títí òjò á fi fọ ojú ọ̀run, ẹ ó rí i pé lẹ́ńsì kan náà ti di mìíràn.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń gbé erùpẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad àti láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá bò wá mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yọ lẹ́ńsì DSLR nínú ọyẹ́, erùpẹ̀ á wọlé bà lé sẹ́ńsọ̀, gbogbo fọ́tò ojú ọ̀run tí ẹ bá yà á ní àmì dúdú kan náà ní ojú kan náà. A lè fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ kúrò (ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ burú ju erùpẹ̀ lọ). Àwọn kan rò pé bridge bọ́ lọ́wọ́ èyí nítorí pé lẹ́ńsì rẹ̀ kì í yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Gbogbo ìgbà tí lẹ́ńsì rẹ̀ bá nà síta ló ń fa afẹ́fẹ́ sínú, erùpẹ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Bó bá ti dé orí sẹ́ńsọ̀, ọwọ́ yín kò lè dé ibẹ̀ mọ́, àfi kí oníṣẹ́ tú kámẹ́rà palẹ̀. Nígbà ọyẹ́, bridge yẹ kó máa gbé inú ọ̀rá títí ẹyẹ á fi yọ.

Iná mànàmáná náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Nítorí pé bridge gbọ́dọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ríran, bátìrì P900 kì í kọjá bí fọ́tò 360, ti P1000 kò ju 250 lọ, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. D500 ń ya 1,240. Ní abúlé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó ra bridge gbọ́dọ̀ fi owó bátìrì kejì àti ìkẹta sínú ìṣirò rẹ̀.

Mo ti sọ̀rọ̀ ẹyẹ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kì í sanwó. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, àti àwòrán àwọn àgbà ló ń bọ́ ayafọ́tò ní ilẹ̀ wa, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùwádìí kan, Stephen Sprague, wá wo iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún lọ́dún 1975, ó rí i bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tó kù láyé, tí wọ́n sì ń tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé kan kí èkejì tó ti kú lè wà níbẹ̀. Ní Porto-Novo, ayafọ́tò Joseph Moïse Agbodjelou fi sitúdíò rẹ̀ sọ ojú àwọn ará ìlú di ohun tí ọmọ-ọmọ lè rí, ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael sì gba iṣẹ́ náà. Irú iṣẹ́ báyìí kò fẹ́ súùmù. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀, pàápàá lálẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kan ń tan gílóòbù mẹ́ta fún gbogbo agbo.

Ẹ padà sórí ihò. Nígbà tí P900 kò bá na lẹ́ńsì rẹ̀ rárá, gígùn rẹ̀ jẹ́ 4.3, f rẹ̀ jẹ́ 2.8, ihò rẹ̀ wá jẹ́ mìlímítà kan àbọ̀. Ihò dúdú inú ẹyin ojú ọ̀dọ́ ń là tó mìlímítà méje lókùnkùn! Ohun tí ojú lásán ń rí ní àríyá, bridge kò rí i, àfi kó gbé ISO, ìyẹn bó ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lágbára, ga títí ojú ìyàwó á fi di hóró-hóró bí iyanrìn. DSLR pẹ̀lú lẹ́ńsì 35 tó ní f 1.8 ní ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 19, lẹ́ńsì yẹn sì kéré, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò ga. Ẹni tó máa jẹun látinú kámẹ́rà, kódà bó bá nífẹ̀ẹ́ ẹyẹ ju ohun gbogbo lọ, DSLR àtijọ́ kan àti lẹ́ńsì 35 yẹn ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Àríyá á ra lẹ́ńsì ẹyẹ fún un nígbà tó bá yá.

Àkókò yìí sì dára fún ìyẹn. Láti ọdún 2018 tí Canon àti Nikon ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó agbára wọn lọ sórí kámẹ́rà tí kò ní dígí, àwọn tó lówó nílẹ̀ òkèèrè ń ta DSLR wọn, èyí tó sì wà ní ipò gidi ń wọ ọjà tòkunbọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré tó bo sẹ́ńsọ̀, ti ṣí. Ilé iṣẹ́ dán ti D7200 wò dé 150,000, ti D500 dé 200,000. Ẹ yí f lọ sí 16, ẹ ya ojú ọ̀run tó mọ́, kí ẹ wo àmì dúdú erùpẹ̀. Ẹ gbé lẹ́ńsì sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yọjú wo inú rẹ̀ bóyá olú ti ń hù bí òwú aláǹtakùn lórí gíláàsì, nítorí pé olú kì í jáde tán. Bó bá jẹ́ bridge ni, ẹ na súùmù rẹ̀ dé òpin, ẹ mú un padà, ẹ fetí sí i: bí mọ́tò inú rẹ̀ bá ń há tàbí ó ń dúró lójú ọ̀nà, erùpẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ohun kan tó jìnnà, bí wáyà orí òpó iná, ní súùmù tó ga jù, kí ẹ sì wò ó dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sáyè fún gbogbo ìyẹn, ẹ kó owó yín sápò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.